Olóyè àti "Ó tó gẹ́"

Ní Ìlọrin, bí ẹ bá ní "Olóyè", Dókítà Olúṣọlá Saraki la mọ̀. Láti 1979 sí 1983 ló fi ṣe olórí àwọn sẹ́nétọ̀ NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Síbẹ̀, ní 1983, ó kọ gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀, Adamu Attah, ó ti Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN lẹ́yìn. Ìyẹn sì wọlé. Ní 2011, ó fa Gbemisola ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, àmọ́ ẹni tí Bukola ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ló wọlé. Olóyè kú ní 2012. Ní 2019, ìlú pariwo "Ó tó gẹ́!" Ẹ gbọ́ o, ẹni tó yó náà lè ní "ó tó". "Gẹ́" yẹn ló ti ilẹ̀kùn.