Kò Sẹ́ni Tó Rán Jíìnì Níṣẹ́

Láyé ọjọ́un, tí ìyá kan bá ń bímọ tọ́mọ ń kú, àwọn baba wa á ní àbíkú ni. Wọ́n gbà pé ọmọ náà ló ti ọ̀run pinnu ọjọ́ tó máa padà. Wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrósinmí, wọ́n tún lè fi abẹ sí i lára. Lónìí, a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, wà lára ohun tó ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ewu kan nínú mẹ́rin ló wà fún oyún kọ̀ọ̀kan pé ọmọ á jẹ́ SS. Jíìnì tó ń pa ọmọ báyìí, kí ló dé tí kò tíì run? Kí ló dé tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS?

Ní 1954, Anthony Allison dáhùn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ibà ni. Ibà kì í sábà pa ọmọ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò jìnnà sí wa. Láti Mọ́kọ́lá, ẹ gba Total Garden, ẹ ó kan UCH. Níbẹ̀ ni Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ará Ítálì, ti ṣiṣẹ́. Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé tí kòkòrò ibà bá wọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì náà máa ń tètè tẹ̀ bíi dòjé. Èrò wọn ni pé ara á wá kó o dànù, tòun ti kòkòrò inú ẹ̀.

Ṣé ká wá ní torí àtigbà wá lọ́wọ́ ibà ni S ṣe wà? Aristotle ní torí àtigé oúnjẹ ni eyín iwájú ṣe mú. Darwin, ní 1859, ní kò dìgbà tẹ́nì kan bá gbèrò ẹ̀: ohun tó bá ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti yè kó sì bímọ ló ń pọ̀ sí i. Larry Wright, ní 1973, ní tí ohun tí nǹkan ń ṣe bá jẹ́ ìdí tó fi ṣì wà, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

A gba ti Wright, ká ṣáà má gbàgbé ti Darwin. Àyípadà kékeré kan ló bí S. Ibà ló jẹ́ kó pọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an láti gba AS là, kò sẹ́ni tó rán an láti pa SS. Ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró yẹn náà, kò sígbà kan tó fẹ́ lọ.