Ẹkún Nítorí Ará Ilé Tí Kò Tíì Gbàgbọ́

Ìbànújẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń gbé wá sí ilé Ọlọ́run tí wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni: ìyá, ọkọ tàbí ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn kò mọ Kristi. Àwọn kan tilẹ̀ ń rò pé àìnígbàgbọ́ ni irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù jẹ́wọ́ ní Róòmù 9:1-3 pé ìrora ọkàn òun nítorí àwọn Júù, ìbátan òun, kò dáwọ́ dúró, débi pé òun ìbá gbà kí a ké òun kúrò lọ́dọ̀ Kristi nítorí wọn. Ní orí 10, àdúrà ni ó fi ìbànújẹ́ náà gbà. Jésù pàápàá sọkún lórí Jerúsálẹ́mù (Lúùkù 19:41).

Nítòsí wa, ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Afala. Ó di onígbàgbọ́ ní Sàró, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni ìyá àti ọmọ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Ẹ rò ó wò: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá, ọmọ ti di àlùfáà, ìyá kò sì tíì mọ Olúwa tí ọmọ ń sìn. Ayọ̀ àti ìrora pàdé lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìkánjú. Ó tó bí ọdún kan àti ààbọ̀ kí a tó ṣe ìrìbọmi fún Afala ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, tí a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà láyé títí di 1883.

Kì í ṣe gbogbo ẹkún ni ó ń rí irú òpin yìí. Pọ́ọ̀lù kò ṣe ìlérí fún aya onígbàgbọ́ pé dandan ni ọkọ rẹ̀ yóò yípadà (1 Kọ́ríńtì 7:16), Pétérù sì gba irú aya bẹ́ẹ̀ níyànjú láti fi ìwà jèrè ọkọ láìsọ̀rọ̀ (1 Pétérù 3:1). Ó dùn mí pé àwọn kan nínú wa ń pe òbí wọn ní kèfèrí lójú agbo, tí wọn kì í sì í bẹ̀ wọ́n wò mọ́. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá kú, omijé ọmọ á wá pọ̀ ju ti ẹni gbogbo lọ. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jókòó tì í nígbà náà.