Eérú Èédú Ijora

Àwa ará Surulere mọ Ijora. Èédú Enugu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, ni wọ́n fi dá iná mànàmáná níbẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, láti 1923. Eérú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìyá wa aláró mọ̀ pé omi tó bá gba inú eérú kọjá kì í jáde bó ṣe wọlé. Ti èédú tún le: òjé àti arsenic ń bẹ nínú rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi í dí ihò ìwakùsà, a máa gbọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ omi kíkan fún wákàtí 18, kí wọ́n tó yẹ omi náà wò. Ní 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò tó. Ọdún gbọọrọ ni eérú yóò lò nínú ihò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí á fi eérú dí ihò Onyeama l'Enugu, ṣé wákàtí 18 náà ni? Kíkan ni omi ibẹ̀, odò Ekulu ló sì ń ṣàn lọ.