Ẹ̀sìn tí Ẹrú Gbé Bọ̀: Ipò Olówó àti Tálákà nínú Ìjọ ní Èkìtì, 1893–1943

Nínú ìtàn ìjọ Kristi ní ilẹ̀ Èkìtì, ohun kan wà tí àwọn òpìtàn máa ń mẹ́nu bà tí wọn kì í dúró lé lórí. Ẹni tí a ti fi owó rà rí ló padà wálé wá kọ́ ọmọ bíbí ìlú ní ẹ̀sìn tuntun. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ipò olówó àti tálákà níwájú Ọlọ́run, ibẹ̀ ló yẹ kí àgbéyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú ìwàásù.

Àwọn ìlú àríwá Èkìtì, bí Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ayégbajú àti Ìdó, wà láàrin ogun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: Ìbàdàn níhìn-ín, Ìlọrin àti Tápà lọ́hùn-ún. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877; wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn jagunjagun tó kúrò ní bùdó. Ìgbà náà ni ọ̀nà là fún àwọn tí a kó lẹ́rú láti padà wá láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Babamúbọ̀ní, aṣáájú onígbàgbọ́ ní Adó, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tó ti wà ní Oǹdó láti 1877, ló ń bójú tó iṣẹ́ CMS ní àgbègbè náà.

Ipò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú kò dára rárá. Ẹlòmíràn ti ń ro oko tí ì bá jẹ́ tirẹ̀. Ìwọ̀fà pàápàá sàn jù ú lọ, nítorí gbèsè lásán ló wà lọ́rùn ìwọ̀fà, ẹbí rẹ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ mọ ìwé kà. Odidi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá láti 1884. Ẹni tó bá lè kà á ló ń kọ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjòyè ló jókòó síwájú rẹ̀. Ìdọ́gba tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan; ABD ló gbé e ró.

Èyí kò ní kí á gbé àwọn míṣọ́nnárì ga ju bó ti yẹ lọ. Ní Abẹ́òkúta, ní àárín ọ̀rúndún kan náà, CMS kọ̀ láti ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó ní ẹrú. Aláya méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rú mẹ́wàá wọlé. Àlàyé tí wọ́n ṣe, pé ẹrú ilẹ̀ Yorùbá dà bí ọmọ ilé, àlàyé olówó ẹrú ni. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹrú léèrè. Ọdún 1879 ni àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù tó pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ jọ̀wọ́ ẹrú wọn. James Johnson, alábòójútó ní Abẹ́òkúta, ti ń lépa ọ̀rọ̀ náà kíkankíkan, ó sì tún fi kún owó kíláàsì. Ọ̀tá tí ohun méjèèjì fà fún un pọ̀ débi pé wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880. Ọkùnrin kan náà, ẹ kíyè sí i, ló fẹ́ dá ẹrú sílẹ̀, tó sì fẹ́ kí tálákà san sí i.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló bí owó kíláàsì. Henry Venn, akọ̀wé CMS títí di 1872, fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀. Bí ìjọ kò bá san, tíṣà kò jẹun. Nígbà tí kòkó wá gbilẹ̀ ní Èkìtì ní ọ̀rúndún ogún, ẹni tó ní oko kòkó ló lè san jù, òun náà ni oyè Bàbá Ìjọ sì tọ́ sí lójú àwọn ènìyàn. Ọjọ́ ìkórè di ọjọ́ tí gbogbo ojú ń rí iye tí oníkálùkù dá. Tálákà kò kúrò nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun ń jókòó sí. Orí kejì ìwé Jákọ́bù, tó bá àwọn tó ń fi ìjókòó dáradára fún olówó wí, kò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ń kà á.

Láti 1929 ni iye owó kòkó já wálẹ̀. Ní oṣù Keje 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba kó tó gbọ́ ìpè ní 1928, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Ọdún náà kò tíì parí tó fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àdúrà àti omi ló fi ń wo aláìsàn, kò sì gba owó. Àwọn tó ka ìsọjí náà sí ọ̀rọ̀ ìwòsàn nìkan fojú fo iye tí ìwòsàn ń náni. Adáhunṣe ń gba owó, ilé ìwòsàn ń gba owó, ìjọ àtijọ́ náà ń gba tirẹ̀. Omi yìí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí kòkó ti já kulẹ̀. Aláayè fúnra rẹ̀ gba ìgbàgbọ́, ọba tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún sì di ẹni tí à ń gbàdúrà fún bíi ti ará oko.

Nígbà tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi fi máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, ó ti ní pásítọ̀ láti bọ́ àti ilé ìsìn láti kọ́. Ìṣòro tí Venn bá pàdé ló tún dé bá òun náà. Ẹni tó ní oko kòkó sì ni ẹni tó ṣì lówó lọ́wọ́ láti ra páànù.