Ọpẹ́ Ìdílé Taira

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù ni. Taira no Kiyomori, jagunjagun ilẹ̀ Japan, gbà pé òrìṣà Itsukushima ni ó gbé ilé òun ga. Nítorí náà, ní ọdún 1164, ó fi ìwé-kíká 33 dúpẹ́ ní ojúbọ rẹ̀.

Lotus Sutra, ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà tí ó ní orí 28, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ, ìbátan àti ìránṣẹ́ Kiyomori pín in ṣe, ìwé-kíká kan fún orí kan. Wọ́n gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá da ìwé mímọ́ kọ yóò jèrè ní ayé tí ń bọ̀. Wọ́n kun bébà ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n fọ́n wúrà àti fàdákà wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì ya àwòrán. Àní ẹ̀yìn bébà pàápàá, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Kiyomori kú ní 1181. Ní 1185, ìdílé Minamoto ṣẹ́gun àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú omi ní Dan-no-ura. Antoku ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọba tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, bá omi lọ.

Ìwé náà kò bá wọn lọ. Wọ́n tún díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ní 1602, ó sì jẹ́ ti Itsukushima títí di òní. Ẹ̀yin ará, ogun kó ọlá wọn lọ. Ọpẹ́ wọn ni ó kù.