Ta Ló Bá Àrọ̀ Tan? Odídẹrẹ́, Hagfish àti Orúkọ Tí À Ń Pè Ní Ẹja

Bí a bá bi ẹni tó ń sin ẹja ní Mowé pé, nínú odídẹrẹ́ àti hagfish inú ibú òkun, èwo ló bá àrọ̀ tan jù, hagfish ni yóò mú. Omi ni ilé hagfish àti àrọ̀, ara wọn ń yọ̀, wọn kò sì ní ìpẹ́. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé odídẹrẹ́ ló sún mọ́ àrọ̀ jù.

Ẹ̀rí wà lórí tábìlì ẹlẹ́ja ní Ìbafọ̀. Kó tó la orí àrọ̀, á fi igi lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ, torí eegun líle ni agbárí rẹ̀. Tó bá ya ẹnu rẹ̀, àgbọ̀n tòkè àti tìsàlẹ̀ á hàn. Tó bá gé e wẹ́wẹ́, ọ̀pá ẹ̀yìn wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Odídẹrẹ́ ní gbogbo èyí: eegun àgbọ̀n tí ohun bí èékánná bò ni àgógó rẹ̀.

Hagfish kò ní àgbọ̀n, kò sì ní eegun. Ohun rírọ̀, bí èyí tó gbé etí wa dúró, ló yí ọpọlọ rẹ̀ ká. Lọ́dún 1758, aràn ni Linnaeus, onímọ̀ tó pín àwọn ohun abẹ̀mí sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kà á mọ́. Baba ńlá kan náà ló bí àrọ̀ àti odídẹrẹ́, ó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn; ìran hagfish ti yà lọ ṣáájú ìgbà náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, àìní ìpẹ́ ńkọ́? Àwọn baba ńlá àrọ̀ ní ìpẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọnù. Ti omi ńkọ́? Ayálégbé mẹ́wàá lè máa fa omi nínú kànga kan ní Ifọ̀, ìyẹn kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ìbátan wọn lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Síbẹ̀, hagfish kì í ṣe àlejò pátápátá. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé àmì ọ̀pá ẹ̀yìn kéékèèké wà lápá ìrù rẹ̀. Òun náà bá odídẹrẹ́ tan, àmọ́ ìbátan ọ̀nà jíjìn ni.

Orúkọ ìgbésí ayé ni "ẹja", kì í ṣe orúkọ ìran. Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ ra orí àrọ̀ kan lọ́jà, kó là á sí méjì níwájú wọn.