Àpáta gbà wá, ṣùgbọ́n ta ló san owó rẹ̀?

1/ Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ bí ìyá mi ṣe da ìtàn Ẹ̀gbá rú mọ́ bàbá mi lójú lórí òkè Olúmọ ní Sátidé tó kọjá. Ó gùn o. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. 🧵

2/ Bàbá mi ló dá àbá yẹn. Ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ni wọ́n, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí àwa ọmọ sí. Wọ́n ní kò bójú mu kí àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal, kó má mọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ sá sí nígbà ogun. Bá a ṣe wọ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta nìyẹn: bàbá, ìyá, èmi, àbúrò mi, àti kúlà kan tó wúwo ju gbogbo wa lọ.

3/ Ìtàn ráńpẹ́. Ẹ̀gbá kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀. Ìlú kéékèèké ni wọ́n, tí wọ́n fọ́n káàkiri inú igbó, tí wọ́n ń sin Ọ̀yọ́ kí Lísàbí tó ṣáájú wọn gba òmìnira. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti Òwu ní àwọn ọdún 1820 ló tú wọn ká. Wọ́n dó sí Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ò rọgbọ. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sábẹ́ àpáta. Abẹ́ òkúta. Orúkọ ìlú dé.

4/ Ẹ má rò pé ilẹ̀ náà ṣófo o. Àgbẹ̀ kan ti wà níbẹ̀, Adágbà, ará Ìtòkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abẹ́òkúta ní Oko Adágbà. Àbúrò mi gbọ́ eléyìí, ó ní: "Ṣé wọ́n kàn wá gba oko bàbá yẹn ni?" Bàbá mi ní wọ́n jọ gbé ibẹ̀ ni. Ìyá mi kàn wú ikọ́ díẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura látìgbà yẹn.

5/ A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Orúnkún bàbá mi ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú. A dé abẹ́ àpáta tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí. Ó rẹlẹ̀, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké wà nínú òkúta nílẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ sè. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Inú rẹ̀ ń dán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nílé ìwé pé ẹni tó ń sá fógun náà gbọ́dọ̀ lọ ata.

6/ A dé òkè. Páànù tó ti dípẹtà lọ súà, ṣọ́ọ̀ṣì Aké, Odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ti Dàhòmì.

7/ Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 1851. Ọba Gezo kó ogun wá. Àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì, tí òkìkí wọn kàn, wà nínú wọn. Ẹ̀gbá ò tètè mọ̀ pé obìnrin làwọn ń bá jà! Ẹnu ibodè Àró ni ìjà ti le, Dàhòmì sì sá padà, òkú sùn lọ. Bàbá mi ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù. Wọ́n fẹsẹ̀ lu àpáta: "Olúmọ ló gbà wá!"

8/ Ìyá mi ń bó ọsàn lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. "Bàbá Tóbi, ẹ ò tíì sọ ti Ìṣàgá."

Kẹ́kẹ́ pa.

9/ Ọmọ Ìṣàgá ni ìyá mi. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó sì wà nínú ìwé ìtàn. Ojú ọ̀nà tí Dàhòmì gbà wá ni Ìṣàgá wà. Àwọn ará ibẹ̀ ṣe bí ẹni túúbá fún Gezo. Wọ́n ní kó má jà lóru, ọ̀sán ló dáa. Wọ́n ní ibodè Àró ni kó gbà wọlé. Irọ́ ni! Ibẹ̀ gan-an ni odi ìlú ti le. Wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá.

Dàhòmì tó mọ ìjà òru jù wá jà lọ́sàn-án gangan, níwájú odi tó le. Nítorí náà, lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe àpáta nìkan ló gba Abẹ́òkúta. Odi ni, ẹ̀tàn Ìṣàgá sì ni.

10/ Dàhòmì ò gbàgbé. Ní 1862, wọ́n padà wá, Ìṣàgá ni wọ́n sì lọ bá. Wọ́n pa ìlú run. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ìyókù lẹ́rú. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, 1864, wọ́n tún wá bá Abẹ́òkúta, wọ́n tún pòfo. Abẹ́òkúta yè nígbà méjèèjì. Ìṣàgá ló san owó rẹ̀.

11/ Ìyá mi ní nílé àwọn, tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n rò pé àwọn àgbà gbàgbé orúkọ ni. Àṣé àwọn tí Dàhòmì kó lọ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.

12/ Bàbá mi dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní: "Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn kà á kún ni."

Ìyá mi ní: "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Ọdún 26 ni wọ́n ti fẹ́ra wọn o.

13/ Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi gba báàgì lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n di ejìká rẹ̀ mú, nítorí orúnkún yẹn. A jẹ láfún, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú rélùwéè ni bàbá mi tó béèrè pé láti Abẹ́òkúta, ọ̀nà wo la ń gbà dé Ìṣàgá Orílé. Ìyá mi ní àwọn máa fi hàn án.

14/ Àbúrò mi ti ní kí wọ́n má gbàgbé kúlà.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ti sọ ìtàn ìlú yín fún, ó dáa. Ẹ lọ bi ìyá yín náà. Tí ọmọ Ìṣàgá bá wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dá sí i.